Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ta Ni Ọ̀tá Nígbà Tí Ìjọba Bá Ń Gbógun Ti Àwọn Agbésùmọ̀mí?

   Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Benin ṣe ilé, àti ẹ̀yin ọmọ Ẹdó tí ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wúwo, àmọ́ a ò lè torí pé ó wúwo ká má gbé e. Ìbéèrè kan ni. Nígbà tí ìjọba bá ní òun ń gbógun ti àwọn agbésùmọ̀mí, ta ni ọ̀tá? Báwo ló ṣe yẹ kí ìjọba mọ̀ ọ́n, báwo ló sì ṣe yẹ kó fi í hàn wá, tí a ò fi ní ṣi èèyàn pa?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Àbújá tàbí ti Maiduguri nìkan ni o. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó wa níbí, ó sì ti gba ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n ń lọ sí Kánò. Hausa ni wọ́n, iṣẹ́ ọdẹ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe. Ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ bá ìyàwó àti ọmọ wọn ṣọdún. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé Uromi, ní ilẹ̀ Esan, àwọn fijilanté dá wọn dúró. Wọ́n tú ẹrù wọn, wọ́n sì bá ìbọn níbẹ̀. Ariwo ta pé ọwọ́ ti tẹ ajínigbé. Èrò ya bò wọ́n. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Èèyàn 16 ló kú.

Ta ni wọ́n jí gbé? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ta ni wọ́n pa? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ibo ni wọ́n ti ń bọ̀, ta ló mọ̀ wọ́n níbẹ̀? Àwọn tó yí wọn ká kò dúró gbọ́ èsì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbọn yẹn dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ṣakabùlà ni. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣọdẹ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ni ọdẹ á ti da ẹ̀tù sí i, á fi ọ̀pá kì í, á kó ọta lé e, á tún kì í, kó tó lè yìn ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dún. Bí ẹran bá sá lọ, ọdẹ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà wa, AK-47 ni wọ́n ń gbé kiri. Ọdẹ tó ń bá ikọ̀ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ṣọ́ igbó ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣakabùlà yìí náà ló máa ń wà léjìká rẹ̀. Bí ó bá wà léjìká ọdẹ tiwa, a ó pè é ní aláàbò. Irú ìbọn kan náà, nígbà tó wà lọ́wọ́ ọmọ Kánò, wọ́n pè é ní ajínigbé. Kí ló wá yàtọ̀? Kì í ṣe ìbọn. Èdè ẹnu àti fìlà orí ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, mi ò sọ èyí láti fi bú àwọn ará Uromi. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn wọn kì í ṣe àròsọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn agbébọn wọ ibùdókọ̀ ojú irin Tom Ikimi ní Igueben, ní ilẹ̀ Esan yìí kan náà, wọ́n sì kó èrò tó ń dúró de ọkọ̀ lọ sínú igbó. Àwọn àgbẹ̀ ń bẹ̀rù oko wọn. Ó ju ìdílé kan lọ ní ìpínlẹ̀ yìí tó ti ta ilẹ̀ tàbí yá owó láti fi ra ẹ̀mí ọmọ wọn padà. Nítorí náà, ìbínú wọn yé mi. Àmọ́ ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Ìbínú yẹn kò mú ajínigbé kankan. Ìyàwó ọdẹ ló sọ di opó, ọmọ ọdẹ ló sọ di aláìníbaba.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Gómìnà Monday Okpebholo lọ sí Kánò, ó lọ bá Gómìnà Abba Kabir Yusuf àti àwọn mọ̀lẹ́bí olóògbé kẹ́dùn. Ó dá ọ̀gá àjọ ààbò ìpínlẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fagi lé àwọn ẹgbẹ́ fijilanté tí kò sí lábẹ́ òfin. Àwọn ọlọ́pàá mú àwọn afurasí. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkú ni wọ́n ti ṣe é.

Kí ni mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀? Òun nìyí: bí ìjọba kò bá sọ ẹni tí ọ̀tá jẹ́ kó yé tèwe tàgbà, ará ojú pópó ni yóò sọ ọ́, ìbẹ̀rù ni yóò sì fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí. Bí ìjọba bá fi àyè sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbẹ̀rù ni yóò gba àyè náà.

Báwo wá ni ìjọba ṣe yẹ kó sọ ọ́? Àwọn baba wa ti dá wa lóhùn tipẹ́. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Wọn ò ní ọwọ́ tó bá ṣẹ̀. Wọn ò ní ìdílé tó bá ṣẹ̀. Ìka ni wọ́n ní. Ẹni tó hùwà náà, àwọn tó ràn án lọ́wọ́, tó mọ̀ọ́mọ̀ ràn án lọ́wọ́, àwọn ni ọ̀tá. Ẹ̀yà rẹ̀ kọ́. Ẹ̀sìn rẹ̀ kọ́. Ìlú tó ti wá kọ́.

Ó yẹ kí ìlú Benin yìí mọ òtítọ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí ó ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, James Phillips, kó èrò lẹ́yìn, ó ń bọ̀ ní Benin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọba Ovonramwen ti ránṣẹ́ pé kó dúró ná. Olóyè Ologbosere kó ọmọ ogun jáde, wọ́n dènà dè wọ́n, wọ́n sì pa Phillips àti púpọ̀ nínú àwọn tó bá a wá. Ẹjọ́ wà níbẹ̀, mi ò sọ pé kò sí. Àmọ́ kí ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Kì í ṣe àwọn tó dènà nìkan ló wá. Ìlú lápapọ̀ ló pè lọ́tàá. Lóṣù kejì, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ̀lú. Wọ́n kó iṣẹ́ idẹ àti eyín erin tó wà láàfin, iná sì jó ìlú. Wọ́n gbé Ọba lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi wàjà ní 1914. Ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà, ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kí ni wọ́n mọ̀ nípa Phillips? Ọdún 1899 ni ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Ologbosere, tí wọ́n sì so ó kọ́. Ẹ ò rí i? Wọ́n ti jó ìlú tán kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òde òní. Ṣé Nàìjíríà ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ó ní in. Wọ́n ṣe òfin lórí ìgbésùmọ̀mí ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2013. Ní 2022, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu tuntun tó rọ́pò wọn. Kí ni òfin yìí ń wò? Ìwà ni. Ó ń wo ohun tí èèyàn ṣe àti ohun tó ní lọ́kàn tó fi ṣe é. Ṣé ó pààyàn? Ṣé ó jí èèyàn gbé? Ṣé torí kó lè dẹ́rù ba ará ìlú ni, tàbí kó lè fipá tẹ ìjọba lórí ba? Kò síbi tí òfin náà ti ní ẹ̀yà ẹni ló ń sọ ọ́ di agbésùmọ̀mí. Kò síbi tó ti ní ẹ̀sìn ẹni ni. Lórí èyí, òfin wa ń tọ ọ̀nà tó tọ́.

Òfin náà tún fún ìjọba ní agbára láti kéde pé ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí ni ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ti kéde Boko Haram àti Ansaru ní 2013. Wọ́n kéde IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà fún Biafra, ní 2017. Wọ́n kéde ẹgbẹ́ àwọn Shiite tí El-Zakzaky jẹ́ olórí rẹ̀ ní 2019. Ní ìparí 2021, ilé ẹjọ́ ní Àbújá fọwọ́ sí i pé agbésùmọ̀mí ni àwọn agbébọn inú igbó ìhà àríwá.

Níbo ni ìṣòro wá wà? Àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ lórí IPOB àti lórí àwọn Shiite, ìjọba nìkan ló sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ kí àṣẹ tó jáde. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn. Mi ò ní kí ìjọba máa pe apààyàn wá jókòó ṣe ìpàdé. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ agbésùmọ̀mí wúwo. Ẹni tí a bá fi í pè, a ti ṣí ìlẹ̀kùn ìbọn sí i. Nítorí náà, bí àṣẹ bá tilẹ̀ yá kánkán, kí ìgbẹ́jọ́ gidi tẹ̀ lé e, kí tọ̀tún tòsì lè sọ tẹnu wọn. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ní Kaduna dá El-Zakzaky àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n lẹ́yìn ìkọlù tó wáyé láàárín àwọn ọmọ ogun àti àwọn Shiite ní Zaria ní 2015. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún látìmọ́lé kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìṣòro kejì ni pé etí ará ìlú kì í gbọ́ ìkéde bí òfin ṣe kọ ọ́. Ìjọba ní Boko Haram, àwọn kan gbọ́ mùsùlùmí. Ìjọba ní IPOB, àwọn kan gbọ́ Ígbò. Ìjọba ní agbébọn inú igbó, àwọn kan gbọ́ Fúlàní. Ní ìpínlẹ̀ Ẹdó yìí, ẹ lọ sí Auchi, ẹ lọ sí ilẹ̀ Etsako. Ọmọ Ẹdó pọ́ńbélé ni àwọn mùsùlùmí tó kún ibẹ̀. Ṣé àwọn náà ni ọ̀tá ni?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà kan, ìjọba Ọbásanjọ́, ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa, fòfin de OPC, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá. Lóòótọ́, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà ti ṣe ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọlọ́pàá pa àwọn èèyàn tí wọ́n kàn fura sí. Ìgbà yẹn, àwa là ń pariwo pé kí wọ́n má fi ọ̀ràn ẹnìkan kó gbogbo wa. Ohun tí a bèèrè fún ara wa nígbà náà, ẹ jẹ́ ká bèèrè rẹ̀ fún ọmọ Kánò lónìí.

Lókè òkun náà, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò tíì fẹnu kò sí ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún ìgbésùmọ̀mí títí di òní. Nelson Mandela tí gbogbo ayé ń yìn, ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà tó yọ orúkọ rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ ANC kúrò nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń fojú agbésùmọ̀mí wò. Ó ti ṣe ààrẹ tán nígbà yẹn! Nítorí náà, ìjọba tó bá fi orúkọ yìí pe alátakò rẹ̀, tàbí oníròyìn, tàbí ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn, kì í ṣe agbésùmọ̀mí ló ń bá jà mọ́. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ ló fẹ́ dì.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ṣé kí ìjọba wá di ojú rẹ̀ ni? Rárá o. Bí a ṣe lè na ìtumọ̀ agbésùmọ̀mí gùn jù, bẹ́ẹ̀ la lè gé e kúrú jù. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn agbébọn fi ń jó abúlé ní Zamfara, tí wọ́n ń kó ọmọ ilé ìwé lọ, tí a ṣì ń pè wọ́n ní olè màlúù. Kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ohun tí òfin pè ní ìgbésùmọ̀mí, agbésùmọ̀mí ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọba, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú wa.

Àní, ọmọ ìlú wa! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Lẹ́yìn tí wọ́n jí èèyàn gbé ní Igueben, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé olóyè abúlé méjì wà lára àwọn tí ọwọ́ tẹ̀. Ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé àlejò tó dé fìlà nìkan là ń wá, ta ni ì bá yẹ ilé olóyè wò? Ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ sínú igbó, ẹni tó ń tú àṣírí ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò kọjá, ẹni tó ń bá wọn pààrọ̀ owó ìtúsílẹ̀, àwọn wọ̀nyí lè máa sọ èdè wa, kí wọ́n sì máa bá wa jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀yà mọ ọ̀tá yóò pa aláìṣẹ̀, yóò sì tún jẹ́ kí ọ̀daràn lọ. Àdánù rẹ̀ di méjì.

Ohun mìíràn wà. Ta ló mọ igbó jù? Darandaran ni, ọdẹ ni, àgbẹ̀ ni. Bí àlejò kan bá fara pa mọ́ sínú igbó, àwọn ló máa kọ́kọ́ rí i. Bí a bá ti pe gbogbo darandaran lọ́tàá, èwo nínú wọn ni yóò wá sọ́dọ̀ ọlọ́pàá láti sọ ohun tó rí? Ẹ̀rù àwọn agbébọn ń bà á, ẹ̀rù tiwa náà ń bà á. Yóò pa ẹnu mọ́. Ìdákẹ́ rẹ̀ yẹn ni ajínigbé ń jẹ.

Ó ku ọ̀nà tí a ń gbà fi mọ ọ̀tá. Ìjọba lè ní ìtumọ̀ tó dára nínú ìwé, kó sì ṣì í lójú ogun. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, ní abúlé Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kaduna, àwọn ará abúlé kóra jọ láti ṣọdún Máólúdì. Dírónù àwọn ọmọ ogun wà lókè, ó rí èrò, wọ́n rò pé agbébọn ni, wọ́n sì ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rin. Àwọn ológun gbà pé àṣìṣe ni. Ohun tí ojú rí láti òkè nìkan kò tó ẹ̀rí. Èèyàn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí yóò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ìka tó sì ṣẹ̀ gan-an ńkọ́? Òun náà, ọba ló ń gé e, kì í ṣe ẹni tó bínú jù. Ní 2009, àwọn ọmọ ogun mú Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, láàyè ní Maiduguri, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ló kú sí. Wọn ò gbé e lọ síwájú adájọ́, a ò gbọ́ ẹni tó ń fún un lówó, a ò gbọ́ orúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ikú rẹ̀ pa iná náà? Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa nǹkan bí ogójì èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́. Ọgbẹ́ náà jinlẹ̀, kò sì tíì jinná. Ní 2025, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS kó èèyàn márùn-ún wá síwájú ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tórúkọ tórúkọ, pẹ̀lú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Ẹ̀rí ni yóò sọ, adájọ́ ni yóò dá a. Ó pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn: èèyàn tó lórúkọ, ìwà tó hàn, ẹ̀rí tó ṣeé yẹ̀ wò.

Kí la wá ń bẹ ìjọba? A ń bẹ̀ ẹ́ pé nígbàkígbà tó bá ń kéde ọ̀tá, kó sọ ìwà tí wọ́n hù, kó dárúkọ àwọn tó hù ú, kó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀yà wọn àti ẹ̀sìn wọn kò sí nínú ẹjọ́. Kó sọ ọ́ ní Ẹdó, ní Esan, ní Yorùbá, ní Hausa, lórí rédíò bí irú èyí, kí ó má jẹ́ gẹ̀ẹ́sì inú ìwé òfin nìkan. A ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn fijilanté wa. Kí wọ́n mọ bí a ṣe ń bi èèyàn léèrè, bí a ṣe ń fi afurasí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láàyè. Ẹni tí a kò kọ́ kò yẹ kó dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn.

Àwa ará ìlú ńkọ́? Iṣẹ́ wa wà níbẹ̀. Bí o bá rí ẹni tó fu ọ́ lára, pe ọlọ́pàá, tàbí kí o pe 112. Sọ ohun tí o rí, má sọ ohun tí o rò. Bí èrò bá ti ń pé jọ, tí ẹnìkan sì ń pariwo pé kí wọ́n wá táyà àti epo wá, ìwọ ni kí o béèrè pé: kí ló ṣe? Ta ló rí i? Ìbéèrè méjèèjì yìí lè gba ẹ̀mí là. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, kúrò níbẹ̀, kí o sì pe ẹni tó lè dá a dúró. Àwa àgbà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fáwọn ọmọ wa nílé pé ẹni tó dáná sun afurasí kò gbèjà ìlú. Òun náà ti di apààyàn, òfin sì ń wá a.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀. Ìwà la fi ń mọ ọ̀tá. Ẹ̀rí la fi ń fi í hàn. Ilé ẹjọ́ ló ń dá a lẹ́bi. Ìjọba tó bá di ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí mú yóò rí ọ̀rẹ́ púpọ̀ tí yóò bá a jà, àní nínú àwọn tí à ń pè ní àlejò. Èyí tó bá jù wọ́n nù yóò máa bí ọ̀tá tuntun lójoojúmọ́.

 Kí Ọlọ́run tu àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà ní Kánò nínú, kó tu àwọn ti Ọ̀wọ̀ nínú, kó sì kó gbogbo àwọn tó wà láhàmọ́ àwọn ajínigbé padà wálé láyọ̀.